Ẹtu Tó Gba Àdìjátù Lọ́wọ́ Mi

                                                            Ojúlé Kẹrìnlá,
                                                            Ìsàlẹ̀ Gángan,
                                                            Èkó.
                                                            Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Karùn-ún, 2026.

Jíbrílù, ọ̀rẹ́ mi tí orí rẹ̀ ń dán ju bàtà rẹ̀ lọ,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ará ilé le? Orúnkún rẹ ọ̀tún tó máa ń sọ pé òjò ń bọ̀ kí rédíò tó sọ ọ́ ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́, kòkó ńkọ́? Ajá rẹ tó jẹ́ pé èmi nìkan ló máa ń gbó mọ́ ńkọ́? Mo kí gbogbo yín o. Ara tèmi náà le, àfi ojú tó ń ṣe mí bí ẹni tó ń wòran látinú àwọ̀n ẹ̀fọn.

Àdìjátù ńkọ́? Ìwọ ni mo ń bi, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ ló wà. Mo gbọ́ lẹ́nu Sámúẹ́lì awakọ̀ pé ó dé bá yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, apẹ̀rẹ̀ lórí, ẹtu nínú apẹ̀rẹ̀, ìbínú lójú. Ohun tí mo ń wá nìyí, kí o má baà máa wá a kiri títí dé ìsàlẹ̀ ìwé: mo fẹ́ kí ìyàwó mi padà wálé kí Iléyá tó dé. Mo pè é lórí fóònù, kò gbé e. Mo pe tìrẹ, obìnrin inú fóònù ló dá mi lóhùn pé wọn kò mọ ibi tí o wà. Kò yà mí lẹ́nu. Ó di ìgbà tí o bá pọ́n òkè ẹ̀yìn ilé yín kí nẹ́tíwọ̀kì tó mọ̀ pé wọ́n bí ọ. Ìyẹn ni mo ṣe mú bíírò, èmi tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ láti lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. Sámúẹ́lì awakọ̀ ló máa gbé ìwé yìí fún ọ. Bí ìlà rẹ̀ bá wọ́, mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ló mọ́ mi lọ́wọ́.

Ó dá mi lójú pé ẹ ti gbọ́ tẹnu Àdìjátù. Ìyàwó rẹ á ti pariwo "Háà! Bàbá Afusat!", á sì ti bu ẹran kún ọbẹ̀ fún un. Ó ku kí ẹ gbọ́ tèmi.

Ìwọ gan-an lo dá a sílẹ̀. Ṣé o rántí ìgbà tí àgbálùmọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn, tí o fi apẹ̀rẹ̀ kan rán Sámúẹ́lì sí mi? O ní o rí ọmọ ẹtu kan lábẹ́ igi obì ní oko rẹ, o ní ìyá rẹ̀ ti já a jù sílẹ̀. O ní kí n máa sìn ín, tó bá sanra kí n fi se pẹpẹsúùpù, kí n máa rántí rẹ bí mo bá ń mu omi rẹ̀. Mo dúpẹ́ gan-an nígbà náà. Mo tilẹ̀ ti ń ronú ata tí mo máa lò.

Àdìjátù ló ṣí ewé orí apẹ̀rẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tóbi ju bàtà mi méjèèjì lọ. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú tí wọ́n ta omi sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bí ìka ọmọ tuntun, ìlà funfun fẹ́ẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan sì gba òkè ojú rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó lé tìróò funfun. Ojú náà tóbi ju ara lọ. Kò mira rárá, etí rẹ̀ pàápàá kò mì.

Mo ní, "Àdìjátù, ẹran yìí ti kú."

Ó ní, "Ẹ dákẹ́, Bàbá Afusat. Kò kú. Ó ń fara pamọ́ ni."

"Nínú apẹ̀rẹ̀? Níwájú wa báyìí?"

"Ibi tí wọ́n bá gbé e sí náà ló máa fara pamọ́ sí. Ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ nìyẹn."

O mọ̀ pé ọmọ ọdẹ ni. Bàbá rẹ̀ náà ló lé èmi pẹ̀lú rẹ kúrò lórí igi máńgòrò rẹ̀ nígbà èwe, tí ṣòkòtò rẹ fi ya tí mo sì rán an fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Àdìjátù ní ẹtu kì í bímọ kó máa fà á kiri bí ewúrẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń bí. Ó máa tẹ́ ọmọ náà sí ìdí igi tàbí abẹ́ ewé tó dí, á sì jáde lọ wá èso tó bọ́ sílẹ̀ jẹ. Ọmọ tuntun yẹn kò ní òórùn lára tí ajá tàbí ẹranko búburú lè gbọ́, tí kò bá sì mira, ènìyàn lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá kó má mọ̀. Bí ìyá bá jẹun tán, á padà wá fún un lọ́mú, á tún lọ.

Jíbrílù, ṣé o ti wá rí ohun tí o ṣe? Ìyá rẹ̀ kò já a jù sílẹ̀ rárá. Ó jáde lọ jẹun, ó ní kí ọmọ má mira. Ọmọ kò mira. Ìwọ lo mira. Ọmọ ọlọ́mọ lo jí gbé, o tún wá fi ránṣẹ́ sí mi pé kí n fi ata sí i. Bí mo bá rí ọ ní ọjọ́ yẹn ni, ǹ bá gbá ọ létí, bí ọwọ́ mi bá tó etí rẹ.

Àdìjátù jókòó ti apẹ̀rẹ̀ náà pẹ́. Ó ní òun ń ro ti ìyá tó padà dé ìdí igi obì tó ń gbóòórùn ilẹ̀ kiri. Ó fẹ́ dá a padà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n Sámúẹ́lì ti lọ, kò sì ní padà wá títí di ọ̀sẹ̀ kejì. Ó ní nígbà yẹn ọmú ìyá rẹ̀ á ti gbẹ. Bó ṣe ra fídà ọmọ ọwọ́ nìyẹn, tó po mílíìkì, tó sì di ìyá ọlọ́mọ tuntun pẹ̀lú ewú orí.

Ọ̀rẹ́ mi, mi ò ní purọ́ fún ọ, mo gbádùn ẹran yẹn. Téèpù tí mo fi ń wọn ènìyàn ni mo fi ń wọ̀n ọ́n ní ọjọọjọ́ Jímọ̀, ó sì ń kọ ìwọ̀n bí ọmọge tó ń kọ ọkọ. Wọ́n ní bó bá dàgbà tán, kò ní ga kọjá orúnkún mi. Bí ohun kan bá dún, á dúró gbagidi bí ère, ẹsẹ̀ kan lókè, bí ẹni tí wọ́n yà ní fọ́tò. Bí ohun náà bá tún dún, á forí sọlẹ̀, á wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí ènìyàn bẹ́ sínú omi. Àdìjátù ní bó ṣe ń wọ igbó nìyẹn, iwájú rẹ̀ kúrú ju ẹ̀yìn lọ kó lè rí abẹ́ ẹ̀gún gbà. Ibì kan ṣoṣo ló ń yàgbẹ́ sí, lẹ́yìn àgbá omi wa, kóró-kóró, kò ṣì í rí. Mo pe àwọn ayálégbé wa pé kí wọ́n wá wò ó, kí wọ́n kọ́gbọ́n. Wọn kò bá mi rẹ́rìn-ín.

Ó ní nǹkan kan lójú. Ní ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ihò kan wà tó là fẹ́ẹ́rẹ́ bí ibi tí bọ́tìnì ń gbà kọjá. Omi dúdú kan tó ki ló ń ti ibẹ̀ jáde. Ó máa ń rọra fi ojú ra nǹkan kí omi náà lè dúró níbẹ̀. Ó fi ra ẹsẹ̀ maṣíìnì mi, ó fi ra ẹsẹ̀ àga, ó fi ra ọ̀pá mi. Ìró Àdìjátù ló fi ra jù. Mo bi Àdìjátù pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní bí ẹtu ṣe ń pààlà nìyẹn. Takọtabo méjì ló ń gbé ojú ibì kan pọ̀ nínú igbó, wọn kì í kó ara wọn jọ bí agbo àgùntàn, gbogbo ohun tó bá sì jẹ́ tiwọn ni wọ́n máa ń fi àmì yẹn sí lára. Wọ́n tún ń fi sí ara ẹnì kejì wọn.

Mo ní, "Ó dáa. Ó ti fẹ́ ọ nìyẹn. Sọ fún un pé èmi ni mo kọ́kọ́ san owó orí."

Ó ní, "Ó kéré tán, òun mọ ibi ìyàgbẹ́."

Kò fi ra èmi rí o, Jíbrílù. Ọ̀pá mi nìkan. Mo dúró tì í, mo na ẹsẹ̀ sí i, mo ṣe bí ẹni tó ń sùn. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Bí Àdìjátù bá fẹ́ kó wá jẹun, á fọwọ́ di imú, á sì kígbe kan báyìí, "Nyẹ̀ẹ̀ẹ́n." Igbe ọmọ ẹtu tí nǹkan ń ṣe ni. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ọdẹ á fara pamọ́ sínú igbó, á ké e, gbogbo abiyamọ ẹtu tó bá gbọ́ ọ á sáré wá láìwo ẹ̀yìn, kódà bí kì í bá ṣe ọmọ tiwọn. Àdìjátù kì í fẹ́ gbọ́ pé wọ́n ń fi pa ẹran. Oúnjẹ nìkan ló fi ń pè é. Èmi náà kọ́ ọ. Mo máa ń dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo máa ń ké e, ẹtu á sáré wọlé láti iwájú, Àdìjátù á sáré wọlé láti ẹ̀yìn, àwọn méjèèjì á wá bá mi tí mò ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀kan ni ọmọrogùn bà mí léjìká.

Bó ti ń dàgbà, ó já fídà sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lábẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí àwọn ọmọ Ìyá Kọ́lá tó ń gbé òkè wa ti máa ń ju èèpo àgbálùmọ̀ sílẹ̀. Àdìjátù ní ohun tí ẹtu ń ṣe nínú igbó gan-an nìyẹn. Wọ́n máa ń tẹ̀ lé ọ̀bọ àti ẹyẹ ńláńlá kiri lábẹ́ igi, èyí tí àwọn yẹn bá jẹ kù ni wọ́n ń ṣà jẹ. Mo sọ fún Ìyá Kọ́lá pé ẹtu ti mọ àwọn ọmọ rẹ̀ sí ọ̀bọ. O mọ àwọn ará Èkìtì, kò gbà fún mi. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni òròmọdìẹ rẹ̀ kan kò délé. Ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà wa, ọwọ́ ní ìbàdí. Mo búra fún un pé ẹran tó ń jẹ èso kò lè jẹ adìẹ. Bí mo ṣe ń búra lọ́wọ́ ni ẹtu jáde láti abẹ́ àga, ìyẹ́ kan lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Kí n tó mọ̀ pé ẹtu máa ń jẹ kòkòrò àti ẹyẹ kékeré nígbà mìíràn, mo ti búra èké tán.

Èyí tó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni mo fẹ́ sọ wàyí. Iléyá ń bọ̀, o mọ bí àdúgbò wa ṣe máa ń rí. Àgbò ti wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo, ọ̀nà ò ṣe é gbà. Èmi kò tíì ra tèmi. Mo wá rán rìbọ́nì pupa kan, mo so ó mọ́ ẹtu lọ́rùn bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àgbò, mo jókòó tì í níta, mo ká ẹsẹ̀ lérí ara. Bashiru ọmọ alápatà ló kọ́kọ́ yà.

Ó ní, "Bàbá, kí lẹ so mọ́lẹ̀ yìí?"

"Àgbò Iléyá mi ni."

"Àgbò? Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bí bíírò?"

"Àgbò òkè òkun ni. Òtútù kì í jẹ́ kí wọ́n dàgbà níbẹ̀."

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pé jọ. Àwọn kan ní wọ́n ti rí irú rẹ̀ rí ní Sáúdì. Àlfáà Jímọ̀ náà ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, ó dúró, ó wò ó, ó wò mí.

Ó ní, "Bàbá Afusat, ẹ má ṣi àwọn ọmọ yìí lọ́nà. Ẹran ilé ni wọ́n fi ń ṣe Iléyá. Ràkúnmí, màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́. Ẹran igbó kò sí níbẹ̀."

Mo ní, "Àlfáà, inú ilé lèyí ń gbé. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló ń sùn."

"Ì báà sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ̀yin sùn sábẹ́ rẹ̀, ẹran igbó ni. Ẹ lè pa á jẹ. Ẹ kò lè fi ṣe Iléyá."

Mo ní, "Ó ti parí. Bashiru, lọ pọ́n ọ̀bẹ rẹ. Pẹpẹsúùpù ni ní àárọ̀ ọ̀la."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Mo yíjú, mo rí Àdìjátù lẹ́nu ilẹ̀kùn, àwo ìbẹ́pẹ tó gé wẹ́wẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pòṣé. Kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá ti mọ ibi tí mo wà. Ó kàn dúró gbagidi, ojú rẹ̀ là. Ó yẹ kí n mọ̀, èmi tí mo ti fi oṣù mélòó kan wo ẹtu. Ohun tó máa ń ṣe kó tó forí wọ igbó nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bashiru dé lóòótọ́, ó fi bébà wé ọ̀bẹ. Bí mo ṣe fẹ́ máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni Àdìjátù jáde láti inú ilé, gèlè lórí, apẹ̀rẹ̀ lórí gèlè.

Bashiru ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Afusat."

Ó ní, "Káàárọ̀, ọmọ mi. Ẹran tó o fẹ́ pa ló jókòó sórí àga yẹn. Ó ti gbó, ṣùgbọ́n bó o bá sè é pẹ́, á rọ̀."

Ó lọ. Ọ̀rẹ́ mi, mo rẹ́rìn-ín o. Mo rẹ́rìn-ín títí tó fi yà ní kọ́nà. Mo rò pé kò ní kọjá ọjà Sandgrouse kó tó padà. Ìgbà tí mo dé ìdí bẹ́ẹ̀dì tí mo rí i pé kò sí fídà níbẹ̀ mọ́, fídà tí ẹran náà kò mu mọ́ láti ọjọ́ yìí, ẹ̀rín tán lẹ́nu mi.

Àwọn kan nínú yín á sọ pé nítorí ẹran ni. Kì í ṣe nítorí ẹran nìkan. Láti ìgbà tí Afusat ti lọ ilé ọkọ, ilé wa dákẹ́, àfi ẹnu mi. Ẹtu yìí ló tún fún Àdìjátù ní ẹni tó ń sáré wá bó bá pè. Mo sì jókòó síta, mo ń fi ẹni yẹn ṣàwàdà ata lójú gbogbo àdúgbò.

Ìyá Kọ́lá ló ń gbé oúnjẹ wá fún mi báyìí. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹun. Ẹ ò mira láti àárọ̀, bí ẹran yín ṣe máa ń ṣe." Ó fẹ́ fi omi ọṣẹ nu àmì dúdú tó wà lẹ́sẹ̀ maṣíìnì, mo gba aṣọ ìnulẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní àná, mo kó aṣọ mi tó dọ̀tí jọ kí n lè fọ̀ wọ́n, èmi fúnra mi, má rẹ́rìn-ín. Ṣòkòtò tí mo máa ń wọ̀ bí mo bá ń sùn lórí àga lọ́sàn-án, mo rí nǹkan dúdú tó ti gbẹ lẹ́bàá orúnkún rẹ̀. Ó ki, ó sì lẹ̀ mọ́ aṣọ. Kì í ṣe ibì kan o, ibi púpọ̀ ni, ọ̀kan lórí èkejì. Mo fi imú kàn án. Àṣé bí mo bá sùn tán lóòótọ́ ló máa ń wá. Àṣé èmi náà wà nínú ààlà. Mi ò fọ ṣòkòtò náà mọ́, Jíbrílù. Sọ ìyẹn fún Àdìjátù. Á mọ̀ pé mi ò lè dá irú irọ́ bẹ́ẹ̀ pa.

Mi ò ní kó fi ẹtu sílẹ̀ kó sáré wá. Ìdí igi obì yẹn ni kí ẹ gbé e lọ, kó mọ ibi tí wọ́n ti mú un. Ẹ so ajá yín mọ́lẹ̀. Sọ fún àwọn ọdẹ yín pé èyí tó ní ìlà ìdè fẹ́ẹ́rẹ́ lọ́rùn, ọmọ Tàófíìkì ni, èmi ni mo so rìbọ́nì mọ́ ọn. Kí Àdìjátù máa pè é lójoojúmọ́ bó ti ń ṣe. Ọjọ́ tó bá pè é tí kò wá mọ́, inú rẹ̀ á bàjẹ́. Jọ̀ọ́, má fi í sílẹ̀ lóun nìkan ní ọjọ́ yẹn. Kí ìyàwó rẹ jókòó tì í. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o wá ka ìwé yìí sí i létí.

Bùbá kan wà nínú ẹrù tí Sámúẹ́lì gbé wá. Ti Iléyá rẹ̀ ni. Èmi ni mo rán an, ojú abẹ́rẹ́ kò hàn sí mi dáadáa mọ́, apá òsì lè gùn ju ọ̀tún lọ díẹ̀. Rìbọ́nì pupa yẹn ni mo fi di ẹrù náà. Bó bá fẹ́ sọ ọ́ sínú iná, kó sọ ọ́. Mo ti ra àgbò, àgbò gidi, Bashiru ló bá mi yàn án, ó rùn, kò sì mọ ibi ìyàgbẹ́.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sọ fún un pé mo gbọ́ gbogbo ohun tó sọ nípa mi láti ibí. Kí àwọn ọmọ àti gbogbo ará abúlé. Àlfáà Jímọ̀ kí ọ, Ìyá Kọ́lá náà kí ọ, ó ní òun ṣì ń retí adìẹ òun.

Bí o bá kà á dé ibí tí Àdìjátù kò sì tíì sọ nǹkan kan, fi ìwé yìí sílẹ̀. Fọwọ́ di imú rẹ ńlá yẹn, kí o bá mi ké igbe ọmọ ẹtu tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, kó dún dáadáa. Bó bá bi ọ́ pé ta ló ń ké bẹ́ẹ̀, sọ fún un pé ọ̀kan tún kù ní Ìsàlẹ̀ Gángan, ní ibi tó tẹ́ ẹ sí. Kò tíì mira.

Èmi ni,
ọ̀rẹ́ rẹ tó ń rán ọ ní ṣòkòtò lọ́fẹ̀ẹ́ láti ìgbà èwe,
Tàófíìkì.